Ọjọ́ Tí Dáàmù Olómù Làágùn Pupa

Ọmọ ọmọ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ló bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá àgbà, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe jẹun?" Mo ní mo ṣọ́ dáàmù ni. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ ṣọ́ dáàmù? Ṣé dáàmù máa ń sá lọ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, dáàmù máa ń sá lọ, tó bá sì ń lọ, kì í dá lọ. Ó máa ń kó ilé, ẹran ọ̀sìn àti ọmọ èèyàn dání. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọmọ yẹn sọ lọ́jọ́ náà ni mo ní kí n kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ̀tún wòsì, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn.

Ràímì Àjàgbé lorúkọ mi. Ọmọ Ìlọra ni mí, àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì bá bàbá mi roko títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ní ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ, tó mọ̀wé kà, tí kò sì bẹ̀rù ejò, kó wá máa ran olùṣọ́ dáàmù Olómù lọ́wọ́. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀.

Odò kékeré ni Olómù, ó ń ṣàn láàárín oko tó wà láàárín Ìlọra àti Fìdítì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Nígbà òjò, pàápàá bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, kò sí ẹni tó lè bá a ṣeré. Abà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí à ń pè ní Alápó, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún sì máa ń kún níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe dáàmù, omi ti gbé àká àgbàdo lọ ní Alápó, ó ti gbé ewúrẹ́ lọ, ó sì ti gbé ìyá kan lọ tòun ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi mọ odi erùpẹ̀ dí àfonífojì náà lókè abà, tí wọ́n sì ri páìpù irin ńlá kan gba abẹ́ rẹ̀. Bí àgbàrá bá dé, odi á dá a dúró, páìpù á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ.

Kì í ṣe dáàmù omi mímu. Lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pátápátá. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko a máa kí wa pé, "Ẹ̀yin olùṣọ́ ìkòkò òfìfo, ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọn kò mọ̀ pé òfìfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìkòkò tó ti kún tẹ́lẹ̀, ibo ni yóò gba omi àlejò sí?

Ọ̀gá mi ni Bàbá Esikíẹ́lì. Ọmọ Fìdítì ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kànga ló ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi í ṣe olórí àwọn lébìrà tó mọ dáàmù náà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pariwo. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gá tí kì í pariwo.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo wọ bàtà awọ tuntun kan tí mo rà tìtorí iṣẹ́ ìjọba. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ràímì, ibo lò ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́ ni, Ọ̀gá."

"Bọ́ ọ sílẹ̀. Bàtà kì í gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ."

Mo bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà lọ, àràárọ̀ ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rin ìdí dáàmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú sí Alápó. Èèkàn méjìlá ni Bàbá Esikíẹ́lì kàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, láti etí kan dé èkejì. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ ju ti àná lọ, bó bá tutù níbi tí kì í tutù sí, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, kí ojú tó mọ̀.

Nígbà tí a dé èèkàn keje lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo rí omi tó ń sun jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdí odi. Mo figbe ta.

"Ọ̀gá! Ó ń jò o!"

Kò yára rárá. Ó mú kọ́ọ̀pù tánganran funfun kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó bu omi náà, ó gbé e sí mi lójú.

"Kí lo rí?"

"Omi ni, sà."

"Ṣé ó ní àwọ̀?"

"Kò ní, sà."

Ó da omi náà nù. "Kò sí dáàmù erùpẹ̀ tí kì í làágùn. Òógùn kì í pa èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ni kí o máa ṣọ́. Ọjọ́ tí omi yìí bá pupa, erùpẹ̀ inú odi ló ń bá a jáde yẹn. Ihò ti ń là nínú rẹ̀ nìyẹn, ihò tó bá sì ti ń là kì í dúró de èèyàn."

Lẹ́bàá èèkàn keje yẹn náà ló kó òkìtì mẹ́ta sí: yanrìn odò tí a fọ̀ mọ́, òkúta wẹ́wẹ́, àti òkúta tó tó ìkúùkù. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ará Alápó ń kọ́ mọ́sáláṣí, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní yanrìn díẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ní torí pé kì í ṣe Mùsùlùmí ni. Kò pẹ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ náà dé láti Fìdítì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi rẹ́ ilé Ọlọ́run. Ó ní Ọlọ́run ní yanrìn púpọ̀ lódò, kí wọ́n lọ bù ú níbẹ̀. Bí tọ̀tún tòsì ṣe pè é ní ahun nìyẹn.

Ó le koko. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, igi kájú kan hù sí ara odi, mo fi í sílẹ̀. Mo ń rò ó pé bó bá dàgbà, a ó rí ibòji jókòó sí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, mo mọ òwe yẹn, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó kan kájú. Nígbà tí Bàbá Esikíẹ́lì rí i, igi náà ti ga dé orúnkún mi. Kò bú mi. Ó gbé ṣọ́bìrì fún mi, ó ní kí n wa gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ jáde, títí dé èyí tó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà á. Mo tún fi odidi ọjọ́ kan da erùpẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, mo ń fi igi ńlá tí a fi ń gún ilẹ̀ gún un le. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ìgbà tí mo ṣe tán ló tó sọ̀rọ̀.

"Igi á mu omi odi, á dàgbà. Lọ́jọ́ kan á kú. Bí gbòǹgbò bá jẹrà tán, ihò ló máa fi sílẹ̀. Ibòji tó o fẹ́ jókòó sí yẹn, àwọn ará Alápó ni ì bá sanwó rẹ̀."

Ẹ̀kọ́ tó mú mi lọ́kàn jù kò tíì dé. Ní ọdún kejì, Iléyá kò, a ti dúńbú àgbò nílé, ara mi kò balẹ̀ níbi iṣẹ́. Koríko ti ga láti èèkàn kẹjọ lọ, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo rìn dé èèkàn keje, mo wo ìyókù lókèèrè, mo yà sílé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé, "Mo rìn dé èèkàn kejìlá. Ó dára."

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Esikíẹ́lì ní ká jọ rìn. A rìn dé èèkàn kejìlá. Obì kan wà lórí èèkàn náà, obì pupa tó ti rọ nítorí ìrì.

Ó ní, "Obì Iléyá rẹ nìyẹn. Mo gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ àná kí n lè fi bá ọ yọ̀. Kí ló dé tí o kò jẹ ẹ́?"

Ilẹ̀ kò là kó gbé mi mì. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú koríko tútù, mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ó ní kí n dìde.

"Èmi kọ́ lo purọ́ fún. Mú ìwé yẹn, kí o sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Alápó. Ojú ilé kọ̀ọ̀kan ni kí o yà sí. Orúkọ gbogbo ẹni tó ń sun ibẹ̀ ni kí o kọ sí abẹ́ irọ́ rẹ, àgbà àti ọmọ ọwọ́. Bí o bá kọ ọ́ tán, kí o padà wá kà á fún mi."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba máa ya ilé kọ̀ọ̀kan, kó máa béèrè orúkọ, kí lẹ rò pé àwọn èèyàn máa sọ? Ilé tí mo kọ́kọ́ yà, ọmọbìnrin kan ń yan gaàrí lẹ́yìnkùlé. Síkírá lorúkọ rẹ̀, ọmọ baálẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìkíni mi tán.

"Bùọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ wa ṣe? Ṣé owó orí tún ti dé ni?"

"Kì í ṣe owó orí."

"Kí wá ni?"

Ó gbé ìgbákọ tó fi ń ro gaàrí lọ́wọ́, ó ń wò mí. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ohùn wa, ó jáde síta. Mo wá rí i pé bí mi ò bá sọ òótọ́, mi ò ní kúrò lójú ilé yẹn tàpọ́nlétàpọ́nlé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún baálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: pé èmi ni mo ń ṣọ́ odi tó wà lókè wọn, pé mi ò dé ibi tí mo kọ pé mo dé, pé ọ̀gá mi ló ní kí n wá mọ àwọn tí mo purọ́ fún.

Baálẹ̀ fa irùngbọ̀n rẹ̀ títí. Ó ní, "Ẹni tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ irú èyí, a lè sùn lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀. Kọ orúkọ mi sókè."

Síkírá ní, "Èmi ò tíì dárí jì í o. Ẹ kọ tèmi náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ orúkọ àwọn ará Alápó. Mo mọ ẹni tó lóyún, mo mọ ẹni tí kò lè dá rìn, mo mọ ìyá arúgbó afọ́jú kan ní ilé tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo ka ìwé náà fún Bàbá Esikíẹ́lì, ó di ojú rẹ̀ títí mo fi kà á tán. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ láé. Èmi náà kò tún fo èèkàn kankan mọ́. Ní ti Síkírá, ó dárí jì mí nígbà tó yá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gbé e níyàwó.

Nígbà tí iṣẹ́ mi pé ọdún mẹ́rin, Bàbá Esikíẹ́lì fẹ̀yìn tì, ó padà sí Fìdítì. Ó fa kọ́ọ̀pù tánganran náà lé mi lọ́wọ́, ó sì fi dáàmù sílẹ̀ fún èmi àti lébìrà kan, Súnmọ́nù, ọkùnrin alágbára tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan ń yí padà nígbà yẹn. Enjiníà kan tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ máa ń wá láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Òun ló ri pákó ńlá tí wọ́n kùn ní funfun àti pupa sínú omi, tí a fi ń mọ bí omi ṣe ga tó, dípò ọ̀pá tí a fi ọ̀bẹ gé lára. Òun náà ló pààrọ̀ irin ìdábùú tí a fi ń ṣí ẹnu páìpù, tó fi wíìlì sí i, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo lè yí i. Mo fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Àmọ́ ó bi mí nígbà kan pé kí ni òkìtì mẹ́ta yẹn ń ṣe nídìí èèkàn keje, pé wọ́n ń ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Mo ní ọ̀gá mi ló kó wọn síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò oṣù kẹwàá kọ̀, kò dá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọ̀. Mo ti ṣí ẹnu páìpù tán pátápátá láti ọjọ́ àkọ́kọ́, síbẹ̀ omi ń ga sí i lára pákó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, òjò dáwọ́ dúró, oòrùn yọ. Ọjọ́ ọjà Alápó ni. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà bó ṣe ń gòkè bọ̀, bí mo ti ń rin ìdí odi. Mo dé èèkàn kẹfà, ilẹ̀ rọ̀. Mo dé èèkàn keje, mo dúró.

Omi tó máa ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti ń tú jáde bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó orí ọmọ tuntun. Mo fi kọ́ọ̀pù bù ú. Ó pupa bí osùn.

Mo gbójú sókè wo odi, mo wo bí omi ṣe ga tó lẹ́yìn rẹ̀, mo tún wo ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń nájà. Ohùn ọ̀gá mi ló sọ sí mi lọ́kàn: kì í dúró de èèyàn.

Mo ní, "Súnmọ́nù, dúró síbí. Bó bá fẹ̀ ju báyìí lọ, sá gòkè, kí o máa fọn fèrè láìdáwọ́ dúró." Mo sáré wọ Alápó.

Mo bá baálẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán lẹ́nu ọjà. Mi ò rántí kí i.

"Bàbá, dáàmù ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn gun òkè ẹ̀yìn abà, nísinsìnyí."

"Ràímì, ọjọ́ ọjà la wà yìí. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo na kọ́ọ̀pù sí i. Ó wo inú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ omi pupa fún un nílé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àna. Kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Ó ní kí wọ́n lu agogo.

Mo já ìwé iṣẹ́ jáde lápò, mo gbé e fún Síkírá, tó ń ta gaàrí rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ kíláàsì àwọn àgbà ní Ìlọra, ó mọ̀wé kà. Mo ní, "Bí wọ́n bá gun òkè tán, ka orúkọ. Ẹni tí kò bá jẹ́, wá a."

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń padà sídìí odi. Mo fẹ́ ọkùnrin tó lágbára, mo sì fẹ́ àpò òfìfo."

Ó yí ojú padà sí àwọn obìnrin oníṣòwò gaàrí. Kí n tó mí, òun fúnra rẹ̀ ti da gaàrí àpò rẹ̀ sórí ẹní, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Gaàrí funfun báláú nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnì kankan kò sunkún. Mo bẹ awakọ̀ akẹ́rù kan tó wá kó iṣu pé kó sáré dé Fìdítì, kó bá mi pe Bàbá Esikíẹ́lì wá.

Nígbà tí mo fi padà dé èèkàn keje, bí ogún ọkùnrin ti wà lẹ́yìn mi, baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Mo ń tò wọ́n kí wọ́n máa bu yanrìn sápò. Ìgbà tí mo yíjú, baálẹ̀ àti ọkùnrin mẹ́ta ti gbé amọ̀ dání, òkìtì amọ̀ ńlá, wọ́n fẹ́ ki í bọ ojú ihò náà.

Mo kígbe, "Ẹ má dí i, Bàbá!"

"Ihò la rí yìí! Kí la ń ṣe fún ihò bí kò ṣe ká dí i?"

"Bí ẹ bá dí i lẹ́nu níbí, ẹ̀yìn ni yóò ti gbẹ́ ọ̀nà mìíràn jáde, á sì tóbi ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí omi máa bọ̀. Erùpẹ̀ ni ká má jẹ́ kó gbé jáde."

Àna mi ni, baálẹ̀ ni, gbogbo èèyàn ló ń wò wá. Ó di amọ̀ mọ́ àyà, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì ju amọ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ lo ni iṣẹ́. Pàṣẹ."

A fi àpò yanrìn yí ihò náà ká, a tò ó ga dé ìbàdí. Mo ní kí wọ́n da yanrìn sínú rẹ̀ kó lè máa sẹ́ omi bí asẹ́, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: yanrìn nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lé e, òkúta ńlá lókè. Omi gbé yanrìn náà fò sókè bí ìyẹ̀fun. A tún dà á, omi tún gbé e. Pupa náà kò yí padà. Súnmọ́nù wò mí. Òkìtì yanrìn ń lọ sílẹ̀, ohun tí Bàbá Esikíẹ́lì kọ́ mi sì ti tán níbẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí ni èrò kan ti wá sí mi lọ́kàn. Àgbẹ̀ ni mí kí n tó di olùṣọ́. Bí àgbàrá bá ń fi agbára wọ oko, a kì í da erùpẹ̀ sí i lójú, òkúta la fi ń kọ́kọ́ fọ́ agbára rẹ̀.

Mo ní, "Òkúta ńlá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà! Lẹ́yìn náà yanrìn, ká tún wá to ìyókù lé e!"

Wọ́n da òkúta. Omi ṣì ń jáde, àmọ́ kò fò mọ́, ṣe ló ń yọ́ gba àárín òkúta. A da yanrìn, ó dúró. A da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, a tún da òkúta ńlá. Mo tẹ̀ kọ́ọ̀pù sí ibi tí omi ti ń kún kọjá àpò. Ó pupa. Mo dúró díẹ̀, mo tún bù ú. Ó pupa, àmọ́ mo rí ìdí kọ́ọ̀pù fírí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dà bí omi ẹ̀wà. Gbogbo ọkùnrin ogún náà dúró nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń wo kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo.

Ìgbà náà ni mo rí Síkírá lókèèrè, tó ń sáré bọ̀, ìwé wà láyà rẹ̀.

"Wọ́n pé! Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni kò kọ́kọ́ jẹ́, a bá a nínú ilé, ó ń sùn. Wọ́n ti gbé e gòkè. Gbogbo wọn pé!"

Mo sọ fún un pé kó padà sórí òkè. Ó ní òun kò lọ ibì kankan, ó sì di àpò yanrìn kan mú pẹ̀lú Súnmọ́nù.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni akẹ́rù náà dé. Bàbá Esikíẹ́lì sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sínú mọ́tò, ó rìn láti èèkàn kìn-ín-ní bọ̀ wá bá wa, ó ń tẹ ilẹ̀ wò ní ẹsẹẹsẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo àpò tí a tò, ó wo òkúta, ó wo omi tó ń kún jáde. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo bu omi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́ọ̀pù fún un. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́.

Ó sì gbé e mu. Ó mu ún tán.

Ó ní, "Òógùn ni."

Ariwo tó sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lórí òkè gbọ́ ọ, wọ́n sì dáhùn. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Bàbá Esikíẹ́lì jókòó tì mí pẹ̀lú sòkòtò funfun rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o kọ́kọ́ da òkúta ńlá?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Ọ̀gá. Mo rí i pé yanrìn ń fò ni."

Ó mi orí. "Èmi ò mọ ìyẹn. Láti òní lọ, mo mọ̀ ọ́n."

Ní gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́, oyè wo ni ì bá tún wù mí ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ?

Omi lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, a wa ibẹ̀, a sì rí ohun tó ṣe é. Òkété ló gbẹ́ ihò láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ pàdé gbòǹgbò àtijọ́ kan tó ti jẹrà nínú odi, gbòǹgbò igi tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ dáàmù. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kì í ríbi wọ̀ ọ́. Enjiníà mú katakátá tó ń tẹ ilẹ̀ wá, ohun tí a fi oṣù kan gún nígbà tí Bàbá Esikíẹ́lì jẹ́ ọ̀gá, ọjọ́ mẹ́rin ló fi tẹ̀ ẹ́ le. Kí ó tó lọ, ó bi mí bí yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti òkúta ńlá ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé irú òkìtì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ti wà nídìí àwọn dáàmù kéékèèké yòókù tó ń bójú tó. Kò rẹ́rìn-ín wọn mọ́.

Mo ṣiṣẹ́ náà títí orí mi fi funfun. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Irinṣẹ́ yí padà níṣojú mi, tẹlifóònù dé, ẹ̀rọ tó ń ka omi fúnra rẹ̀ dé, mo sì kọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ẹ má gbọ́ ti àgbà tó bá ní ti àtijọ́ nìkan ló dára. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni pé kí ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi mọ orúkọ àwọn tí ẹ ń ṣe é fún. Bí iṣẹ́ bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sú yín.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ, torí òun ni mo fi ń yangàn jù. Ní ọdún kẹrin lẹ́yìn ọjọ́ omi pupa, àwọn ará Alápó fẹ́ kọ́ ilé ìwé. Wọ́n ti mú ilẹ̀ lẹ́bàá ọjà, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, níbi tí àgbàrá máa ń gbà láyé àtijọ́. Wọ́n pè mí kí n wá bá wọn da omi àdúrà sí ilẹ̀ náà. Mo ní mi ò dà á.

Baálẹ̀ ní, "Ràímì, dáàmù dúró níṣojú wa. Ìwọ tó o gbà wá, ìwọ lo tún ń dẹ́rù bà wá?"

Mo ní, "Bàbá, mo lè ṣèlérí pé màá ṣọ́ ọ. Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní ṣubú láéláé. Èèyàn ló mọ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé àwọn ọmọ síbi tí omi kò lè dé, kódà bí mo bá sùn lọ, kódà bí mo bá kú."

Wọ́n bínú díẹ̀. Òkè ga, omi tí wọn ó fi po erùpẹ̀ jìnnà, gbogbo búlọ́ọ̀kù ni wọ́n máa rù gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, baálẹ̀ dìde, ó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lérí, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ta ni yóò jókòó? Mùsùlùmí rù ú, onígbàgbọ́ láti Fìdítì wá bá wọn rù ú, Bàbá Esikíẹ́lì sì wá fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìpìlẹ̀. Yàrá mẹ́ta, òrùlé páànù. Nímọ̀tá, ọmọ wa àkọ́kọ́, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé.

Òjò ọdún náà tún pọ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, omi ga dé àmì pupa tó wà lókè pátápátá lára pákó, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹ̀bá ọjà sì ti di ẹrẹ̀. Mo wà nídìí odi pẹ̀lú Súnmọ́nù, ilẹ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Láti orí òkè, a ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ nínú òjò: "A, b, d, e, ẹ..." Tíṣà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ojú fèrèsé, gbogbo dáàmù ló hàn, omi kún un bámúbámú, kò sì sí ọmọ kan tó yí orí wò ó.